Ọdún Tí A Fi Àgùàlà Túnu Ààwẹ̀

Apá bùbá ni mò ń tú lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn náà dé. Mo ti rán apá òsì sí ọ̀tún, mo sì rán ti ọ̀tún sí òsì, irú àṣìṣe tí ọmọ iṣẹ́ ọlọ́sẹ̀ méjì kì í ṣe, èmi tí mo ti ń pe ara mi ní ọ̀gá télọ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Mo jókòó síwájú ilé ọkọ mi ní Ìfọ́n, abẹ wà lọ́wọ́ mi, mò ń já òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó fi nǹkan dá oníbùbá dúró lọ́nà. Fàtímọ́ ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje, ń ṣa òwú tí mo já, ó ní òun máa fi ṣe irun fún bèbí òun. Ibẹ̀ la wà tí fóònù fi dún. Mo wò ó, mo rí "Bàbá Kékeré". Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kékeré, Ìlobù ló ń gbé, kì í pe ènìyàn àfi bí ẹnìkan bá kú tàbí bí òun fúnra rẹ̀ bá ń wá nǹkan. Mo ti gbé ìnnálílláhì dání lẹ́nu kí n tó gbé ìpè náà.

"Rúkáyá! Ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó sà. Ẹ káàsán sà. Ta ló kú?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí ló ń ṣe ìwọ ọmọ yìí? Sàrátù wa ni! Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sọ òkúta kan lójú ọ̀run!"

Sàrátù ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, àbíkẹ́yìn bàbá àgbà mi, ẹni tí mò ń pè ní Àǹtí Sàrá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ojú ọ̀run. Orí òkè kan ní South Africa, níbi tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú awò awọ̀nàjíjìn kan tí wọ́n ní ó tóbi ju yàrá mi àti ti ìyá ọkọ mi lápapọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kóra jọ, wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn òkúta ńláńlá tó ń yí oòrùn po, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bàbá Kékeré ṣàlàyé èyí fún mi bí ẹni pé òun ló bá wọn gbé òkúta náà síbẹ̀. Ó pe Àǹtí Sàrá ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, dókítà ni, ṣùgbọ́n ilé wa kì í fi oyè ẹlòmíràn ṣahun. "Òkúta Ìlobù ni!" ló ń pariwo, "a ti ní òkúta lójú ọ̀run!" Mi ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi yọjú láti ojú fèrèsé: "Ta ní ti Ìlobù? Ìyá tó bí i ńkọ́? Ṣebí ọmọ Ìfọ́n níbí ni? Òkúta wa ni, ẹ má dá mi lóhùn." Mi ò dá wọn lóhùn, mò ń tú apá bùbá mi lọ. Ó ti pẹ́ tí ìlú méjèèjì ti ń fa ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí òkúta yẹn bá fi lè ní ibi tí a lè gbin ẹ̀gẹ́ sí pẹ́nrẹ́n, kí ẹni tó bá ń gbé nítòsí rẹ̀ tètè palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré kò pè mí nítorí òkúta nìkan. Àǹtí Sàrá ń bọ̀ wálé, wọn yóò kí i káàbọ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n sì ti fún mi níṣẹ́. "Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ìwọ lo máa ń tẹ̀ lé e kiri. Sọ fún wọn bí gbogbo ilé ṣe mọ̀ láti kékeré pé ẹni ńlá ni. Sọ bí Bàbá ṣe máa ń mú un lọ wo oṣù. Sọ bí èmi náà ṣe dúró tì í."

"Bí ẹ ṣe dúró tì í, Bàbá Kékeré?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣebí o wà níbẹ̀? O rí i."

Abẹ gé mi lọ́wọ́ díẹ̀. Mo fi ìka sẹ́nu. O rí i. Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n fi mú mi nígbà tí mo wà ní ìwọ̀n Fàtímọ́, tí wọ́n ní kí n jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, tí mo sì jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ru ẹrù ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ fún Àǹtí Sàrá rí, Bàbá Kékeré sì fẹ́ kí n tún gbé òmíràn lé e, níwájú makirofóònù.

Ọdún tí mò ń wí yìí, eyín iwájú mi méjèèjì ti yọ. Bàbá àti ìyá mi wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń wáṣẹ́ kiri, èmi wà ní Ìlobù lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà àti Ìyá Àgbà. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ilé náà. Ní oṣù ààwẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń gbọ́ ni ìpọnkọ tí Ìyá Àgbà fi ń kan ilẹ̀kùn, kọ́, kọ́, kọ́, "Ẹ dìde, ẹ jẹ sààrì, oúnjẹ kì í wọ yàrá wá bá ènìyàn." Lẹ́yìn náà ni ariwo sálúbàtà Bàbá Àgbà lórí ṣìmẹ́ǹtì, omi àlùwàlá tó ń dà sí kòtò, àwọn adìyẹ tó ń bú wa pé a jí àwọn. Mo fẹ́ràn sààrì ju ìṣínu lọ, nítorí pé èmi kì í gbààwẹ̀, mo kàn máa ń bá wọn jẹ ti òwúrọ̀, kí n tún jẹ ti ọ̀sán, kí n tún bá wọn jókòó ti àṣálẹ́ pẹ̀lú ojú àánú bí ẹni tí ebi ti fẹ́ pa kú. Lójoojúmọ́ ni Ìyá Àgbà ń kí mi: "Rúkáyá, o kú ìyà." Kì í rẹ́rìn-ín tó bá ń wí i. Ọmọ Ìfọ́n ni, wọ́n mọ èébú sọ bí ẹni ń gbàdúrà.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbá ẹ̀yìnkùlé, kí n má sì fọwọ́ kan ara ògiri ilé ìdáná, torí pé ibẹ̀ ni Àǹtí Sàrá ń kọ̀wé sí. Ẹ̀ẹ́dú ló fi ń kọ ọ́. Ó ya ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa, ó ya táǹkì omi mọ́ṣáláṣí, láàárín méjèèjì ló sì ń fi àmì sí, oṣù dé oṣù: ibi tí oòrùn wọ̀ sí, ibi tí òṣùpá ti yọ, bó ṣe ga tó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo ilé ló ń bú u. Bàbá Kékeré ní ọmọbìnrin tó ń fi ẹ̀ẹ́dú ba ògiri jẹ́, ilé ọkọ ló ń ké sí. Ó tilẹ̀ ti wá ọkọ náà sílẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta pááàtì ọ̀kadà ní Òṣogbo, tó máa ń gbé búrẹ́dì wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Búrẹ́dì náà dùn, mi ò ní purọ́. Àǹtí Sàrá ti ṣe ìdánwò àṣejáde tán nígbà náà, ó ń retí àbájáde, Bàbá Àgbà sì ti ṣèlérí pé bó bá yege, yunifásítì ni. Láàárín ìlérí yẹn àti búrẹ́dì yẹn ni ayé rẹ̀ dúró sí. Lónìí ẹ̀wẹ̀, Bàbá Kékeré ń wá ògiri yẹn kiri kí wọ́n fi gíláàsì bò ó fún àlejò láti wò. Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́ ẹ ní ṣìmẹ́ǹtì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti oṣù wíwò, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ààwẹ̀ bá di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn àgbà àdúgbò á kóra jọ sí ẹ̀yìnkùlé wa nírọ̀lẹ́, torí pé ibẹ̀ ló tẹ́jú sí ìwọ̀ oòrùn. Bí wọ́n bá rí oṣù, ọ̀la ni ọdún. Bí wọn ò bá rí i, a óò gba ọ̀kan sí i. Rédíò á ti sọ tirẹ̀, wọ́n á ní rédíò kò lójú. Bàbá Àgbà ló ń bá àdúgbò wa rí oṣù, bàbá rẹ̀ ló ń rí i ṣáájú rẹ̀. Bó bá ti nawọ́ sókè, tó ní "Oṣù ti lé," ọ̀rọ̀ parí. Ètò yìí dára púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé Bàbá Àgbà kò ríran. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun bí omi ògì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kí ewúrẹ́ Ìyá Àgbà pé "Ẹ kú ilé o," tó sì bínú pé kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Ìyá Àgbà kò sọ ọ́, ewúrẹ́ náà kò sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Àǹtí Sàrá á dúró sẹ́yìn Bàbá Àgbà, yóò gbé ike àlùwàlá rẹ̀ dání bí ọmọ tó mọ ìwà hù. Bàbá Àgbà á gbójú sókè, á sì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Oríṣiríṣi ikọ́ ló ní: ikọ́ kan wà fún ọmọ tí kò kí i, òmíràn wà fún ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ikọ́ oṣù sì dá yàtọ̀, ó kúrú, ó dàbí ìbéèrè. Àǹtí Sàrá á sì wí lábẹ́ èémí pé, "Apá òsì ọ̀pẹ, Bàbá, ìwọ̀n ọwọ́ méjì sókè." Ọwọ́ Bàbá Àgbà á lọ tààrà síbẹ̀. Àwọn àgbà tó ń fi gbogbo ojú wá a á kígbe pé, "Ẹ wo ojú àgbà! Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i!" Èmi nìkan ni mo mọ̀, torí pé etí ìró Àǹtí Sàrá ni mo máa ń dì mú, mo sì kéré tó ẹni tí ènìyàn kì í rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ọdún náà, èmi àti Àǹtí Sàrá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó wo ògiri, ó ní, "Kò ní lé lónìí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Lẹ́yìn sààrì òwúrọ̀ yìí, mo ṣì rí i níwájú oòrùn, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹni tó wà níwájú rẹ láàárọ̀, ṣé ó lè ti bọ́ sẹ́yìn rẹ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà? Yóò kọ́kọ́ kọjá lára rẹ ná. Ọ̀la ni yóò yọ. Ohun tí a óò rí nírọ̀lẹ́ òní, Àgùàlà ni." Àgùàlà ni ìràwọ̀ ńlá tó máa ń tàn lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ìyá Àgbà tó ń kọjá lọ gbọ́ orúkọ náà, ó sì dá òwe rẹ̀ sí i láìdúró: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n rò pé ajá rẹ̀ ni." Mo rẹ́rìn-ín nítorí ajá. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni kò dùn mọ́ mi. Aṣọ ọdún mi wà lórí ìṣó, àǹkárá oníṣẹ́tí wínníwínní, bàtà mi tó ń dún kọ̀kọ̀kọ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ti wọ̀ ọ́ sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá Àgbà pàápàá ti gbé epo kaná, ó ń dín ẹran sílẹ̀ de oṣù.

Nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà dé tìbínútìbínú. Ẹnìkan ti kó ìròyìn wọlé pé Ìfọ́n ti rí tiwọn. Bàbá Mùtíù, àgbà ilé kejì, ní, "Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ti jẹ ẹran tán kí àwa tó fọ ìkòkò. Ṣé bí a ó ṣe máa wò wọ́n níran nìyẹn?" Àwọn ìlú méjì tí kò tíì gbà fún ara wọn lórí ibi tí ilẹ̀ parí sí, kí ni ìbá mú wọn gbà lórí ọ̀run? Kùrukùru tín-ínrín wà nísàlẹ̀ ojú ọ̀run. Oòrùn wọ̀. Bàbá Àgbà gbójú sókè, ó húkọ́.

"Kò sí, Bàbá," ni Àǹtí Sàrá wí lábẹ́ èémí.

"Mi ò tíì rí i o," ni Bàbá Àgbà wí sókè.

Ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré ti fò sókè. "Òun nìyẹn! Ẹ wò ó lẹ́yìn kùrukùru! Mo rí i!" Ohun kan ń tàn yòò níbẹ̀ lóòótọ́, kùrukùru sì nà án gbọọrọ. Ariwo sọ. Ẹlòmíràn ní òun náà rí i, ẹ̀kẹta ní òun tilẹ̀ ti rí i ṣáájú wọn. Bàbá Mùtíù kọjú sí Bàbá Àgbà: "Ẹnu yín la ń wò o. Àbí a ó dúró kí Ìfọ́n wá fi hàn wá ni?" Bàbá Àgbà tún húkọ́. Mo gbọ́ ọ pé ikọ́ náà yàtọ̀, kò bi í léèrè mọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Àǹtí Sàrá kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òótọ́ ti kún un lọ́fun. Ó ní, "Àgùàlà ni, Bàbá!" Ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Àní epo tó wà lórí iná, a ń gbọ́ ọ. Bàbá Mùtíù wo Àǹtí Sàrá, ó wo Bàbá Àgbà, ó tún wo Àǹtí Sàrá. "Hẹ̀n," ló wí. "Ojú ọmọ yìí lẹ fi ń wò ó fún wa láti ọjọ́ yìí?"

Mo ti dàgbà báyìí, mo sì mọ ohun tó já lọ́jọ́ náà. Orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀ ló ń bọ́ lọ lójú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ojú tó ń ti Bàbá Àgbà nìkan ni mo rí, mi ò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó wá orí mi kàn. "Rúkáyá," ló wí, "ojú ọmọdé mọ́. Wò ó fún mi. Kí lo rí?"

Mo wò ó. Kùrukùru ti ṣí kúrò nígbà náà. Nǹkan náà rí roboto, ó ń ṣẹ́jú sí mi, kò tẹ̀ bí èékánná, kò ní ìwo. Àgùàlà ni. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. Òórùn ẹran díndín sì fẹ́ wá láti ilé ìdáná, Bàbá Kékeré ń ṣẹ́jú sí mi, bàtà mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ahọ́n bọ àlàfo eyín mi, mo ní, "Mo rí oṣù, Bàbá."

"Allāhu akbar," ni Bàbá Àgbà wí, ó nawọ́ sókè. Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni mí, kì í ṣe bíi ti àwọn kan. Ẹran mẹ́rin ni wọ́n fún mi kí ilẹ̀ tó ṣú. Àǹtí Sàrá gbé ike àlùwàlá náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wọlé lọ, Bàbá Kékeré sì ń tẹ̀ lé e, ó ń sọ pé lẹ́yìn ọdún, òun yóò ní kí ọ̀rẹ́ òun wá gbé ìyàwó rẹ̀ kíákíá, kó tó fi ẹnu tú ilé tó kù.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣọdún. Mo wọ bàtà kọ̀kọ̀kọ̀ mi. Ní nǹkan bí ọ̀sán, àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Àgbà wá láti Ìfọ́n, wọn ò jẹ nǹkan kan, wọ́n ní àwọn ṣì ń gbààwẹ̀, àwọn kò rí oṣù rárá. Ẹni tó kó ìròyìn wọlé ti di àwátì. "A gbọ́ pé ẹ̀yin rí tiyín," ni wọ́n wí. "Ẹ kú ojú o." Nírọ̀lẹ́ ni àwọn àgbà gbé àga síta, wọ́n yó, wọ́n ń ta eyín. Oòrùn wọ̀, kò sí kùrukùru. Nígbà náà ni gbogbo wọn rí i lẹ́ẹ̀kan náà: òṣùpá tuntun, tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó rọ̀ sí apá òsì ọ̀pẹ, Àgùàlà sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń tàn yòò níbi tó wà lánàá. Méjèèjì jókòó bíi tọkọtaya tó wá jẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Mùtíù ní, "Oṣù ọjọ́ kejì yìí mà rù o."

"Òun náà gbààwẹ̀ ni," ni Bàbá Kékeré dá a lóhùn. Wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn tó ti jẹ ẹran tán, kí ló tún fẹ́ gbà?

Bàbá Àgbà kò sí lára wọn. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ní kí n wá bu omi sí òun lẹ́sẹ̀. Mò ń da omi lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú. "Rúkáyá, èmi àti ìwọ nìkan la wà níbí. Kí ló wà lójú ọ̀run?"

Mi ò lè ti ahọ́n bọ ibì kankan mọ́. "Méjì ni, Bàbá. Ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Èkejì ni ti àná."

"Ti àná," ló wí. Ó jẹ́ kí omi náà tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò jẹun àárọ̀, kò jẹ ti ọ̀sán, ó ní inú ń dun òun. Ìyá Àgbà kò bi í léèrè. Nírọ̀lẹ́ ló gbé omi tútù àti ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, bí a ṣe ń gbé e síwájú ẹni tó fẹ́ ṣínu. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, onípááàtì dé pẹ̀lú búrẹ́dì. Bàbá Àgbà ní kó má jókòó. "Ojú mi lo fẹ́ fẹ́," ló wí fún un, "mi ò sì tíì fọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Gbé búrẹ́dì rẹ." Èmi ni mo sunkún jù lọ nínú ilé lọ́jọ́ náà, nítorí búrẹ́dì. Bàbá Àgbà kò bẹ Àǹtí Sàrá o. Kò sì sọ fún àwọn àgbà pé gbogbo wọn jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Àgbà kì í bẹ̀bẹ̀ nílé wa, wọ́n kàn máa ń ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ti ṣe, wọ́n á sì húkọ́. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Àǹtí Sàrá lọ sí yunifásítì. Láti ọdún náà lọ, èmi ni mò ń dúró sẹ́yìn Bàbá Àgbà pẹ̀lú ike àlùwàlá títí tó fi lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Mi ò purọ́ fún un mọ́ nípa ọ̀run. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì tí mo wí fún un pé kò sí, tó sì gbé e wí fún wọn bẹ́ẹ̀, tí Ìfọ́n jẹran ṣáájú wa. A kò kú.

Ọ̀nà Àǹtí Sàrá kò rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nísinsìnyí. Nígbà tó ń kàwé, àwọn ará ilé ń béèrè pé kí ni wọ́n ń fi ìràwọ̀ sè. Nígbà tó padà wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, àwọn kan ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó bá àwọn wo ìràwọ̀ ọmọ àwọn, kó sọ ẹni tí yóò lówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó ń dín tó ń lé, kó fi mọ iye ẹ̀mí tó kù fún ìràwọ̀ náà. Ìbátan wa kan gbọ́, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wo ti ọkọ òun. Ọdún márùn-ún ló fi ń kọ ìwé béèrè fún ààyè lórí òkè yẹn, wọ́n ń dá a padà. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó dúró tì í. Ìyá Àgbà nìkan ló ń gbàdúrà fún un, àdúrà rẹ̀ kò sì gùn: "Ọlọ́run, jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ níbẹ̀."

Alẹ́ ọjọ́ tí Bàbá Kékeré pè mí ni mo pe Àǹtí Sàrá. Mo ní lọ́kàn pé kí n kí i kú oríire, kí n sì gbé e sílẹ̀. Ó gbé e, ó ní, "Rúkáyá mi," ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀. Mo ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé Àgùàlà ni. Lọ́jọ́ náà. Mo rí i kedere. Mo purọ́ mọ́ yín."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "O rò pé mi ò mọ̀? Tó o bá ń purọ́, o máa ń ti ahọ́n bọ àlàfo eyín ẹ. Ojú ẹ ni mò ń wò lọ́jọ́ náà, mi ò wo ọ̀run mọ́."

"Ẹ ò sì bínú?"

"Ta ló sọ fún ẹ? Mo bínú gidi. O rò pé mo kàn gbàgbé láti ra aago tí mo ti ṣèlérí fún ẹ ṣáájú ọdún yẹn ni?" Ó tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Èmi náà purọ́ fún Bàbá rí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọjọ́ tí mò ń lọ sí yunifásítì, wọ́n sìn mí dé gárèèjì. Ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra, ni wọ́n bá húkọ́. Ikọ́ oṣù yẹn. Mo ní, 'Kí lẹ fẹ́ mọ̀, Bàbá?' Wọ́n ní kí n sọ bí ojú mi ṣe rí. Mo ní, 'Mò ń rẹ́rìn-ín ni.' Ẹ̀kún ti bò mí lójú, Rúkáyá. Wọ́n sì gbà mí gbọ́." Lẹ́yìn náà ló bi mí: "Kí lo máa sọ ní Sátidé?"

"Ohun tí mo rí," ni mo wí.

"Yé! Bàbá Kékeré á wọlẹ̀."

Kò wọlẹ̀ o. Nígbà tí mo pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí mo ní bí mo bá gbé makirofóònù, ti ẹran díndín àti ti búrẹ́dì ni mo máa sọ, ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti rí ẹlòmíràn tí yóò jẹ́rìí. Àbíkẹ́yìn Bàbá Mùtíù ni. Wọn kò tíì bí i lọ́dún tí mò ń wí yìí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ tèmi síhìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ti rán apá bùbá náà síbi tó yẹ kó wà, Fàtímọ́ sì jókòó lẹ́sẹ̀ mi, bèbí rẹ̀ ti ní irun. Ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá Àǹtí Sàrá sọ, àwọn ọmọ tí ènìyàn kì í rí máa ń gbọ́ nǹkan. Ó wo ibi tí oòrùn wọ̀ sí, ó bi mí: "Màámi, kí lẹ rí gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

"Ẹran," ni mo wí fún un. "Ẹran ni mo rí, mo sì ní oṣù ni. Ìwọ, bí wọ́n bá gbé orí rẹ sókè tí wọ́n ní kí o wò, wò ó dáadáa. Bí kò bá sí níbẹ̀, sọ pé kò sí. Ẹran á dúró di ọ̀la."